Ọjọ́ Tí N Kò Kà Mọ́ Ọn

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bí inú ọkọ̀ òfuurufú ṣe rí láyé ìgbà náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin Iléṣà ló wọ̀ ọ́ lásìkò tí mò ń wí yìí. N kò rántí. Mo rántí pé ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi, pé ọmú ń ro mí, àti pé páálí kan wà lọ́rùn ọwọ́ ọmọ náà. Gbogbo ìyókù dà bí ìrìn tí ẹlòmíràn rìn tó wá sọ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti páálí náà bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ọkọ mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo títí irun wọn fi funfun. Ilé ẹrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ stéṣàn ni wọ́n wà. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n so páálí pélébé mọ́ ọn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ti ẹni tí yóò gbà á, kí wọ́n sì rí i pé ẹni tó gbà á fọwọ́ síwèé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì kí n tó di ìyàwó ilé wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìn tì lára wọn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀wà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn ní Ìbòkun, páálí á wà lọ́rùn àpò. Ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ, nítorí náà Bàbá Olófíìsì ni àwa ìyàwó ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń dáhùn.

Ọkọ mi ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí oyún mi wà ní oṣù márùn-ún. Ó kọ̀wé pé kí n máa bọ̀ bí ọmọ bá ti lè jókòó. Ọmọbìnrin ni mo bí. Sìdíkátù ni wọ́n sọ ọ́. Ó jókòó ní oṣù kẹfà, nígbà tó sì pé oṣù mẹ́jọ, a ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a kúrò ní Òṣogbo, Bàbá Olófíìsì pè mí sí pálọ̀. Wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti dé fìlà. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ ọmọ sí àwọn. Wọ́n mú páálí kan jáde nínú àpò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn funfun so ó mọ́ ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́.

"Bàbá Kàmọ́rù, ọmọ mà ni o, kì í ṣe ẹrù," ìyá ọkọ mi wí fún wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹrù wo ló wá ju ọmọ lọ?" ni èsì wọn.

Wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí etígbọ̀ọ́ mi. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, ibi tó ti ń bọ̀ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ilé tí bàbá rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí wọ́n máa ń kọ sára ẹrù pàtàkì: bí ẹni tó ni ín kò bá wá gbà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e lọ bá a nílé.

"Ṣé ẹ rò pé wọn ò ní wá pàdé wa ni, bàbá?" mo bi wọ́n.

"Wọ́n á wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣe kọ́ mi pé ẹni tó ní òun ti wà lọ́nà kò tíì dé stéṣàn."

Ọkọ mi kò ní lè wá fúnra rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní ìlú tó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún oṣù kan. Ó ti bá òyìnbó àgbàlagbà kan ládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tó ní mọ́tò, pé kó wá gbé wa. Ó fi fọ́tò mi síkàáwọ́ ọkùnrin náà. Nínú lẹ́tà tó kọ sí mi, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: má bá ẹnikẹ́ni lọ bí kò ṣe ẹni tí fọ́tò rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni òyìnbó tó ń gbálẹ̀. Mo dúró wò ó títí ó fi gbá ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ mi tó sì ní kí n yẹra. Ìkejì ni òtútù tó ń wọlé nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, bí ẹni pé wọ́n ń da omi kànga sí èèyàn lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó yà mí lẹ́nu mọ́. Mo wá àga kan tó dojú kọ ilẹ̀kùn, mo jókòó, mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo ń wo ọwọ́ gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé bóyá fọ́tò wà níbẹ̀.

Bàbá tó bí mi wà lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí ayé ń pè ní òṣómàáló, nítorí pé bí oníbàárà bá ń sá fún wọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n á lóṣòó sí títí yóò fi jáde. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ òṣómàáló kan kò lè kùnà láti lóṣòó de mọ́tò kan ṣoṣo. Mo lóṣòó. Oòrùn tí kò mú èèyàn kọjá lójú fèrèsé láti apá kan dé apá kejì. Mo ti lo gbogbo ìlédìí tó wà nínú àpò ọwọ́ mi, ìyókù sì wà nínú àpótí tí mo fi okùn dì pinpin. Ọmọ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Òṣìṣẹ́ kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù wá bi mí ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Mọ́dà. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kú. Mo kàn ń wò ó.

Obìnrin dúdú kan wà tó ń ti kẹ̀kẹ́ tíì kiri. Ó ti kọjá níwájú mi bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọwọ́ Sìdíkátù, ó sì ka páálí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ará Jàmáíkà ni, mo mọ̀ nígbà tó yá. Nígbà náà, mo rò pé ọmọ ìlú wa ni, mo sì ń retí kó kí mi ní Yorùbá.

"Ta ló kọ eléyìí?" ó bi mí.

"Bàbá ọkọ mi," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ nílùú òyìnbó nìyẹn.

"Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní bí wọn ò bá wá gbà á, kí a gbé e lọ. Mo ń ṣíwọ́ ní aago méjì. Máa múra."

Mo jókòó, mo ń rò ó. Ọkọ mi ní kí n má bá ẹnikẹ́ni lọ. Bàbá ọkọ mi ní kí wọ́n gbé wa lọ. Ta ni àgbà nínú àwọn méjèèjì? Nígbà tí aago méjì lù, mo dìde. Obìnrin náà gbé àpótí mi, èmi pọn ọmọ, a wọ bọ́ọ̀sì, a wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, a tún wọ bọ́ọ̀sì. Ó kan ilẹ̀kùn ilé náà, ó fi mí lé onílé lọ́wọ́, ó sì fi ìka kan Sìdíkátù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kó tó di pé mo ráyè kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ti ń lọ. N kò bi í ní orúkọ. Ó ń dùn mí dòní.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òyìnbó onímọ́tò náà lọ dúró sí pápá ọkọ̀ òfuurufú láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán pẹ̀lú fọ́tò mi lọ́wọ́. Ìgbà tó sú u ló wá kan ilẹ̀kùn wa, tó rí mi, tó wo fọ́tò, tó tún wò mí. Inú bí i gan-an, ó sì létọ̀ọ́ láti bínú.

Ó pẹ́ kí a tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú, ọkọ mi ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Orí ọkọ mi ń ro Yorùbá, ẹnu rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ òní ni a óò dé. Nílé wa, bí èèyàn bá ní ọjọ́ mẹ́jọ òní lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló ń wí, nítorí òní gan-an ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà nìyẹn: ọjọ́ tí a bí ọmọ ni ọjọ́ kìíní. Òyìnbó kì í ka òní ní tiẹ̀. Ọ̀la ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ka mẹ́jọ, ó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọkọ mi kọ̀wé sílé láti fi rẹ́rìn-ín. Bàbá Olófíìsì kò rẹ́rìn-ín. Èsì wọn kò ju ìlà méjì lọ: "A kì í ka ọjọ́ fún àlejò. Déètì ni kí ẹ máa kọ fún àlejò."

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìfọṣọ kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Oru omi gbígbóná ń yọ nínú ẹ̀rọ, aṣọ ń jáde, àwa obìnrin mẹ́fà ń ká a. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo ń rò, òótọ́ ni mo ń sọ bí mo bá ní kò sí. Mo máa ń jí ní òwúrọ̀, kí n máa retí kí ìbànújẹ́ dé, bí èèyàn ṣe ń retí kí ẹsẹ̀ tó kú jí. Kò dé. Màá wọ kóòtù, màá lọ síbi iṣẹ́.

Ilé ni ìṣòro wa. Onílé kò fẹ́ ọmọ. Ọkọ mi kò sọ fún un pé ọmọ ń bọ̀, ohun tó sì jẹ́ kó gbà wá fún ìgbà díẹ̀ ni pé Sìdíkátù kì í sunkún púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí pákó, onílé ń fi igi gbá àjà láti ìsàlẹ̀. Ó fún wa ní oṣù kan. Gbogbo ibòmíràn tí a lọ, wọ́n á wo àwọ̀ wa, wọ́n á wo ọmọ, wọ́n á ní yàrá náà ti lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tó wà nírú ipò yẹn máa ń wá òyìnbó obìnrin lábúlé tí yóò bá wọn tọ́mọ, kí wọ́n máa lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ wo ọmọ tiẹ̀. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta ni. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó ní, "Wá, Àkànní mi." Ọmọ náà sá sẹ́yìn òyìnbó, ó di yẹ̀rì rẹ̀ mú. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà ń tijú ni.

Mo sọ fún ọkọ mi pé n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. A kọ̀wé sí Òṣogbo. Èsì dé kíákíá: "Èmi ni mo so páálí mọ́ ọn tó fi lọ. Ẹ so páálí mọ́ ọn kó padà wá. Ẹ kọ déètì."

Nọ́ọ̀sì kan láti Ìmẹ̀sí-Ilé, tó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ń lọ sílé. Ó gbà láti mú Sìdíkátù lọ. Mo ṣètò náà bí ẹni ṣe ń ṣètò ọjà. Mo kọ déètì àti aago tí ọkọ̀ yóò balẹ̀ ní Ìkẹjà sínú lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pé bí ọ̀kan bá sọnù, kí gbogbo rẹ̀ má baà sọnù. Mo kó ìlédìí sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí. Mo mú páálí àtijọ́ yẹn jáde, mo yí i padà, mo sì kọ tèmi sẹ́yìn rẹ̀: láti Lọ́ńdọ̀nù sí Òṣogbo, bàbá bàbá rẹ̀ ni kí ẹ fi í lé lọ́wọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì. Ó bi mí pé kí ni èyí, mo ní ẹ̀gbà ọwọ́ ni.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, oorun ti gbé e lọ nígbà tí mo gbé e fún nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà wo ojú mi, ó sì bá mi sọ èdè ilé.

"Mọ́ sunkún, àbúrò mi. Mọ́ sunkún o."

N kò sunkún. Ó yẹ kí n sunkún, mo sì mọ̀ pé ó yẹ. Mo tún okùn páálí náà dì. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi wọlé, mo sì lọ síbi iṣẹ́ ní aago méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ká aṣọ ibùsùn tó tó èyí tí ènìyàn méjì ń ká, kò sí èyí tí etí rẹ̀ kò bára mu. Alábòójútó ilé iṣẹ́ yìn mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo jí tí n kò gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó, mo sọ fún ara mi pé: òní ni ọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí Bàbá Olófíìsì fi ọwọ́ ara wọn fa ìlà sí, bí ìwé ilé ẹrù. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Mo gba ọmọbìnrin kan ní Ìkẹjà. Ó pé. Kò sí ibi tó fọ́." Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì kọ déètì. Lẹ́yìn ìwé náà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé e, wọ́n fi pẹ́ńsù yí i ká, wọ́n ní kí n fi ra bàtà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, àwòrán ẹsẹ̀ á dé, màá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, màá gbé bàtà lé e lórí. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ bi mí nígbà kan pé ṣé ọmọ náà kò lè wá wọ̀ ọ́ wò ni. Mo ní ó wà nílé ẹ̀kọ́. Mo mọ ẹsẹ̀ ọmọ mi ju ojú rẹ̀ lọ.

A ti ní ọdún méjì péré ni yóò lò nílé kí a tó padà bá a. Ọkọ mi kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, lẹ́yìn náà ogun dé nílé, lẹ́yìn ogun ó tún fìdí rẹmi. N kò bá a jà. Ara mi kò ní agbára ìjà nígbà náà.

Ẹ má rò pé ohun rere kankan kò ṣẹlẹ̀ o. Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá àwọn tó ń ká aṣọ. Mo kọ́ láti dá òyìnbó lóhùn lórí fóònù láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú wa sì sọ mí di ẹni tí ń ṣètò ìpàdé àlejò. Bí ìyàwó ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ tòun tọmọ, láti Iléṣà tàbí Òṣogbo tàbí ibòmíràn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Màá gba déètì, màá gba aago, màá wá onímọ́tò, màá sì wá ẹlòmíràn tí yóò lọ bí onímọ́tò kò bá lọ. Mo ń sọ fún wọn pé kí ìyá má ti ìlédìí bọ inú àpótí. Mo ń sọ pé kí wọ́n so páálí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Déètì. Orúkọ náà dùn mọ́ mi. Mo ti pàdé ọmọ ọlọ́mọ tó ju ogún lọ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, mo sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá wọn kí apá ìyá lè sinmi. Bí mo bá gbé wọn, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ara mi.

Fóònù sílé kì í ṣe ohun kékeré. A óò kọ́kọ́ dá ọjọ́ nínú lẹ́tà, wọn á lọ dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Òṣogbo, èmi á dúró níhìn-ín, bí ìlà bá sì gbà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Sìdíkátù sórí fóònù, ó ti tó ọdún márùn-ún. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Bí a ṣe ń kí olùkọ́ ni. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "Àdùnkẹ́, èmi ni, ìyá rẹ." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Lẹ́yìn náà, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ títí ìlà fi já.

Nígbà tó wá kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́jọ, a ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ènìyàn kan. Ọkọ mi ní kí n máa lọ, pé bí òun bá ti ṣe ìdánwò tó kù, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo kọ lẹ́tà pẹ̀lú déètì àti aago, bí ìṣe mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀sẹ̀ kan gééré kí n tó gbéra, a pàdé lórí fóònù. Bàbá Olófíìsì ní lẹ́tà kankan kò tíì dé o. Mo ti fẹ́ sọ déètì fún wọn nígbà tí wọ́n gbé fóònù fún ọmọ.

"Ẹ ǹlẹ́, mà. Ọjọ́ wo lẹ máa dé?"

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ohùn ìyá mi ni. Mo dá a lóhùn bí èèyàn ṣe ń dá ọmọdé lóhùn.

"Ọjọ́ méje òní," mo wí. Ìlà já.

N kò rò ó mọ́. Mo ra bàtà méjì, mo di ẹrù mi.

A balẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo ti jáde, mo rí Bàbá Olófíìsì lórí bẹ́ǹṣì kan. Wọ́n ti kéré sí bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Aṣọ wọn ti rún, eruku sì wà lórí fìlà wọn. Ọmọbìnrin kan sùn, ó gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú irun dídì rẹ̀ ti tú. Mo kúnlẹ̀.

"Káàbọ̀, ìyàwó. Káàbọ̀, ọmọ òṣómàáló. Àwa náà ti lóṣòó dè ọ́ o."

"Ẹ kú ìdúró, bàbá. Ṣé ẹ ti dé tipẹ́?"

"Àná la dé."

"Àná kẹ̀?"

"Àtàláátà lo pè wá, o ní ọjọ́ méje òní. Ṣebí àná tí í ṣe Àtìní ni ọjọ́ méje. A dé, a ò rí ọ. Mo ní ká máa lọ sùn nílé ìbátan wa kan ní Muṣin, ọmọ yìí ní òun ò lọ. Ó ní bí ẹ bá dé tí ẹ ò bá ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí a fi sùn síbí."

Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde. Èmi Ìyá Déètì. Èmi tí ọjọ́ kíkà ti fìyà jẹ tèmi tọmọ. Mo ti ka ọjọ́ bí òyìnbó, n kò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní déètì ni kí á máa kọ," mo wí. "Kí ló dé tí ẹ gba ọjọ́ tí mo fẹnu kà?"

"Àlejò ni mo ní kí ẹ máa kọ déètì fún," ni wọ́n wí. "Ṣé àlejò ni ọ́?"

Ọmọ náà jí. Ó wò mí, ó wo bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n mi orí sí i, ó sì kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ẹ káàbọ̀, mà." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé mo ṣi ọjọ́ kà. Ó ronú sí i, bí ẹni tí olùkọ́ fún ní ìṣirò.

"Báwo lẹ ṣe kà á, mà?"

Mo na ìka mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́rú. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọjọ́ tí ẹ pè wá ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní ọjọ́ ni. Mo wá sọ pé kó jẹ́ kí n wò ó dáadáa, pé ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti rí i kẹ́yìn.

"Ọdún méje ni Bàbá wí," ó dá mi lóhùn.

Bàbá Olófíìsì ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú páálí náà jáde. Ó ti rọ̀ bí aṣọ, okùn rẹ̀ ti di pupa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìwé mi ṣì hàn lẹ́yìn rẹ̀, àti déètì. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ọdún tí o so eléyìí mọ́ ọn, àti ọjọ́ rẹ̀ gan-an, ni mo fi bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ tìrẹ?"

Mo wo déètì náà. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo rántí okùn tí mo tún dì, aṣọ ibùsùn tí mo ká, alábòójútó tó yìn mí. Ọ̀la ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tèmi. Láti ìgbà náà, n kò ka ọjọ́ tí mo fi ọmọ mi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ mọ́ ọjọ́ rí.

Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí ní Ìkẹjà, lójú gbogbo èèyàn, mo kà á mọ́ ọn. Igbe tí mo ké jí àwọn tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ náà kò sá. Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ń fi í lù mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà tí a bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó sì ń bi bàbá bàbá rẹ̀ pé ṣé ó yẹ kí òun pe ẹnì kan ni.

"Má pe ẹnikẹ́ni," ni wọ́n dá a lóhùn. "Àwa náà la wá gbà á."